Gàrínì àti Ẹsẹ̀ Àna Rẹ̀

Tàjùdíìnì onígbàjámọ̀ ti fá oríṣiríṣi orí ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti fá orí pẹlẹbẹ, ó ti fá orí ṣóńṣó, ó sì ti fá orí bàbá kan tó máa ń sùn hanrun kí abẹ tó kàn án rárá. Láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn ọjà East Street, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rí. Àfi lọ́sàn-án Jímọ̀ kan tí Malgarini wọlé.

Kò kúkú mọ̀ pé Malgarini ni. Ohun tó rí ni bàbá òyìnbó gígùn gbọọrọ kan tó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì, tí imú rẹ̀ yà sápá kan bí ẹni pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà èwe. Bàbá náà jókòó, ó fi ìka méjì ṣàpèjúwe bí irun tó fẹ́ kí wọ́n gé kúrò ṣe kéré tó. Irun náà funfun, ó kún, ó sì hàn pé ẹni tó ni ín ń tọ́jú rẹ̀. Tàjùdíìnì so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ etí òsì, ó fi kóòmù gbé irun sókè, ó rí àpá kan. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ lókè ojú, ó wọ inú irun lọ, ó wá tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹja.

Ó mọ àpá yẹn. Ó mọ̀ ọ́n ju àpá ara rẹ̀ lọ, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ìyẹn ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò ju ẹyọ kan lọ ládùúgbò, tí àwọn ọmọdé máa ń so mọ́ fèrèsé Àlàájì tó ni ín bí àdán lára igi ọ̀dán. Adilémú bọ́ọ̀lù kan, ará Ítálì, ló fi orí gba ìgúnpá atamátàsé kan. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó gba tówẹ̀lì lọ́wọ́ aṣọ́lé, ó fi wé orí bíi láwàní, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Atamátàsé yẹn kò fojú kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí wọ́n fi túká. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọmọ Ìtòkò ló ṣì fẹ́ máa jẹ́ atamátàsé, àfi Tàjùdíìnì tó wé tówẹ̀lì ìyá rẹ̀ mọ́rí, tó ní òun ni Malgarini. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Gàrínì. Orúkọ náà bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọwọ́ rẹ̀ wá gbọ̀n. Ẹ̀rọ náà fò, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ tààrà sí àtàrí, ó la ọ̀nà kan tó mọ́ kedere bí Longbridge Road láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì tí ọkọ̀ kankan kì í rìn.

"Ẹ̀yin ni Oreste Malgarini," Tàjùdíìnì sọ fún dígí.

Bàbá náà wo dígí. Ó wo ọ̀nà tuntun tó wà lórí rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Ṣé atamátàsé ni baba rẹ?"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ti Malgarini ń bá ọwọ́ méjèèjì rìn, ti Tàjùdíìnì ń bá ohùn Ẹ̀gbá rìn, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ra wọn yé ju bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń gbọ́ wọn yé lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí." Tàjùdíìnì ti ń wá ibi tí irun kò sí nílẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀. "Ojú mi ni wọ́n ṣe dá àpá yẹn. Mo wà lójú fèrèsé."

"Fèrèsé wo?"

"Ti Àlàájì."

Malgarini rò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ń mì. "Fá gbogbo rẹ̀," ó ní. "Ìyàwó mi ló fẹ́ràn irun yẹn, ó sì ti lọ sọ́run. Ọmọ mi máa ń sọ pé bí ìgbà tí mo gbé fìlà ẹlòmíràn dé ló rí. Fá a."

Bí abẹ ṣe ń rìn ni ìtàn ń jáde. Ọmọ alápatà ni Malgarini, ní abúlé orí òkè kan tí pápá wọn dagẹ̀rẹ̀ débi pé bí bọ́ọ̀lù bá jáde, ìlú kejì ni wọ́n ti ń lọ mú un. Atamátàsé lòun náà fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, àgbà adilémú wọn jẹ olú tí kò dára, inú ń run ún, wọ́n ní kí Oreste bá wọn dúró síbẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ló di gbogbo ayé rẹ̀. Ìlú kékeré kan létí òkun ló gba bọ́ọ̀lù fún títí ewú fi yọ lórí rẹ̀. Àwọn olówó ránṣẹ́ pè é lọ sí ìlú ńlá, ó lọ wò ó, ó padà, ó ní ẹja ibẹ̀ kò dùn. Ife-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló jẹ ní gbogbo ayé rẹ̀, ilé ara wọn ló sì gbá a sí. Àwọn ará ìlú kejì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sínú ilé ọtí wọn, wọ́n ń fún un ní òdòdó lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, orúnkún kọṣẹ́. Ó tajà bàtà. Àwọn ènìyàn ń rọ́ wọlé wá bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á tún wọ bàtà tí wọ́n wọ̀ wá padà lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ ará Dagenham, ní kó wá máa bá àwọn gbé ní Barking Riverside, nínú ilé alájà tuntun tó kọjú sódò. Láràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tó tún ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Kò ní ibì kankan tó ń lọ.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi Tàjùdíìnì. Orí rẹ̀ ti ń dán bí ẹyin. "O kò kúrò lójú fèrèsé yẹn ni?"

Abẹ dúró. Ibi tó ń dun Tàjùdíìnì ló tẹ̀ yẹn.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Ajé ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, àwọn àgbà ọkùnrin mọ́sálásí máa ń pàdé àwọn àgbà ọkùnrin ìjọ Aládùúrà ní Parsloes Park. Ìdíje náà ti pẹ́ ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Tàjùdíìnì ló ń wọ nọ́ńbà márùn-ún fún mọ́sálásí. Kò sẹ́ni tó ń kọjá lára rẹ̀, àfi ẹnìkan. Ẹnìkan náà ni Olúbọ̀dé, atamátàsé ìjọ, alàgbà onísùtánà, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ojúlé. Kì í kúkú ṣe pé Olúbọ̀dé mọ bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀. Olúbọ̀dé ni ẹ̀gbọ́n Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ sì ni ìyàwó Tàjùdíìnì.

Ta ni yóò gbá àna rẹ̀ lẹ́sẹ̀? Ta ni yóò fi èjìká ti ẹni tó fa ìyàwó lé e lọ́wọ́ ṣubú, tí yóò wá padà sílé lọ jókòó ti ọbẹ̀ tí àbúrò ẹni náà sè? Bí Olúbọ̀dé bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ Tàjùdíìnì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Á ní, "Ẹ rọra o, bùrọ̀dá." Olúbọ̀dé á ní, "O ṣeun, àna mi." Bọ́ọ̀lù á sì wọlé.

Ó ti sú ẹgbẹ́ mọ́sálásí. Haneef, kápútẹ́ẹ̀nì wọn, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, tí orúnkún rẹ̀ ṣì dá ṣáká, ti wá bá Tàjùdíìnì ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí i dáadáa. Ibẹ̀ ni Tàjùdíìnì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ kò dáa.

"Bàbá Jannah," ni Haneef wí, "gbogbo wa la láàna. Ṣùgbọ́n tí Alàgbà bá tún jẹ gọ́ọ̀lù lọ́dún yìí, wọ́n ní kí ẹ bọ́ nọ́ńbà márùn-ún sílẹ̀. Ẹ ó máa bá wa gbé omi."

"Omi?"

"Omi, sà. Àti ọsàn."

Nígbà tí Tàjùdíìnì rò ó fún Malgarini tán, ó gbọn abẹ sínú omi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, onígbàjámọ̀ ni. Nílé, Bàbá Jannah ni. Orí pápá yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pè é ní Gàrínì, nítorí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà ní Ìtòkò, àwọn kan ti kú, àwọn kan wà ní Kánádà, Àlàájì ti lọ, wọ́n sì ti wó ilé náà pẹ̀lú fèrèsé. Bí wọ́n bá gba ẹ̀wù yẹn lọ́rùn rẹ̀, ta ni yóò kù tó ń jẹ́ Gàrínì láyé?

"Ọjọ́ wo lẹ ń dánra wò?" ni Malgarini bi í.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé Parsloes pẹ̀lú àga alágbèéká àti fìlà tó bo orí tuntun náà. Wọ́n ki ìrọ̀rí bọ Haneef níkùn kó lè jọ Olúbọ̀dé. Haneef gbá bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó ń fọwọ́ gbé ìrọ̀rí. Tàjùdíìnì yà fún un.

Malgarini dìde lórí àga. "Kí ló dé tó o fi yà fún un?"

"Ìrọ̀rí yẹn ti jọ àna mi jù," ni Tàjùdíìnì wí.

Haneef ní láti ṣàlàyé ohun tí àna jẹ́: pé bó o bá dàgbà ju ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ, síbẹ̀ ìwọ lò ń tẹríba, pé ẹni tó bá jẹ ẹran ìdána tán tí kò bọ̀wọ̀ fún onílé, ojú burúkú ni wọ́n á fi máa wò ó dọ́jọ́ ikú. Ó rò pé bàbá òyìnbó náà á rẹ́rìn-ín. Malgarini kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tèmi ló ń gba atamátàsé fún abúlé kejì," ó ní. "Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, mo gbá a lẹ́sẹ̀. Kò burú púpọ̀. Àwa la borí. Odidi ọdún kan, bí mo bá lọ jẹun nílé ìyá ìyàwó mi, ó máa ń bù fún gbogbo ènìyàn, ó máa ń bù fún ajá, èmi á gba eegun tí ajá bá fi sílẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Má gbá a lẹ́sẹ̀. Mo ti ṣe é rí, kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni."

"Kí wá ni kí n ṣe, sà?"

"Ṣé ẹsẹ̀ lo rò pé mo fi ń dilé mú?" Ó na ẹsẹ̀ òsì tó rọ náà jáde kí wọ́n wò ó. "Wo nǹkan yìí. Gbogbo atamátàsé ló ní ohun kan tí kò lè kọjá lára rẹ̀. Wá ohun náà rí, kó o gbé e síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà tó yára bí ẹ̀fúùfù. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lókè, màá ní, 'Ṣé lóòótọ́ ni pé ìyá rẹ àgbà kì í fi àlùbọ́sà sí ẹja?' Á ní irọ́ ni, ta ló sọ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi bí ó ṣe ń sè é. Kó tó dé orí iyọ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ."

Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí ti yí i ká bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Haneef pàápàá ti gbàgbé ìrọ̀rí níkùn.

"Ohun kan tún kù," ni Malgarini wí. "Lọ́jọ́ náà, má kí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Adilémú tó bá ti kí atamátàsé, ó ti fún un ní ìdajì ọ̀nà."

Ojú Tàjùdíìnì rẹ̀wẹ̀sì. "Kí n rí àna mi láàárọ̀, kí n má kí i?"

"Bí ẹ bá parí, máa kí i títí dalẹ́."

Nílé, Àmọ̀kẹ́ ń lọ sùtánà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí Olúbọ̀dé kò gbà pé ẹlòmíràn mọ aṣọ funfun lọ̀ láyé yìí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Tó o bá gbá bùrọ̀dá mi lẹ́sẹ̀, Riverside lọ́dọ̀ òyìnbó orí kodoro yẹn ni kó o sùn."

"N ò ní gbá a."

"Tó o bá sì tún yà fún un, wọ́n á sọ ẹ́ di olómi. Èmi ò fẹ́ ọkọ olómi."

"Àmọ̀kẹ́, èwo wá ni kí n ṣe?"

"Ṣé èmi ni Gàrínì ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró mọ́. "Ẹni tó sùn lọ lábẹ́ àdúrà lọ́jọ́ ìdána."

"Tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé irọ́ ni? O dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bùrọ̀dá gbọ́wọ́ lé ọ lẹ́yìn, ó ní òun á ṣàdúrà díẹ̀. Ó gba ti ilé, ó gba ti iṣẹ́, ó gba ti àwọn ọmọ tí a ò tíì bí àti àwọn tó máa fẹ́ wọn. Ìgbà tó máa ní kó o dìde, o ti ń hanrun. Láti ọjọ́ náà, o ò dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ fún un mọ́. Wàá kàn tẹ̀ báyìí, wàá sáré nàró kó má bàa ráyè." Ó ṣe àpèjúwe ìtẹ̀ náà pẹ̀lú sùtánà lọ́wọ́. Tàjùdíìnì kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ó lọ jókòó sí yàrá, ó ń ronú ohun tí Olúbọ̀dé kò lè kọjá. Ẹran? Olúbọ̀dé máa ń gbààwẹ̀. Orin? Olúbọ̀dé kò mọ orin kọ. Kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ náà pé. Oòrùn ilẹ̀ yìí, tó máa ń ṣe bí àlejò, jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí Parsloes bí ọmọ onílé. Rosemary, obìnrin Dagenham tó máa ń fọn fèrè fún àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé, ni rẹfirí. Ó ti mọ̀ wọ́n, ó jẹ́ kí àwọn mọ́sálásí ka Fátíhà tán, ó jẹ́ kí àwọn ìjọ bọ́ bàtà, kí wọ́n gbàdúrà tán, kí wọ́n tún wọ bàtà, kó tó wo aago.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀yìn igi ni Tàjùdíìnì wà tó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

"Àna mi dà?" Olúbọ̀dé ń bèèrè kiri. "Tàjù kò tíì dé ni? Mo rí ẹni tó jọ ọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ìyà ni fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé láti máa sá fún ìkíni. Bí Olúbọ̀dé bá lọ sọ́tùn-ún, Tàjùdíìnì á gbójú sókè bí ẹni ń wo ẹyẹ. Bó bá wá sósì, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ́lé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọrùn ń yún un. Ẹ̀yìn ń yún un. Síbẹ̀, ohun tí Malgarini sọ ń ṣiṣẹ́, nítorí Olúbọ̀dé kò gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù mọ́. Bọ́ọ̀lù á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á máa bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ni mo ṣe fún Tàjù? Ṣé Àmọ̀kẹ́ sọ nǹkan kan ni?" Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí gọ́ọ̀lù. Wọ́n pín ọsàn. Tàjùdíìnì wo ẹni tó ń pín in, kò lè jẹ tirẹ̀.

Ìdajì kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Rosemary ti ń wo aago, nígbà tí ẹnìkan láti ẹ̀yìn ìjọ gbá bọ́ọ̀lù gíga kan síwájú. Haneef fò sí i, koríko yọ̀ ọ́, ó ṣubú lulẹ̀ pọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ síwájú Olúbọ̀dé. Kò sẹ́ni mọ́, àfi Olúbọ̀dé, ikùn rẹ̀, bọ́ọ̀lù, àti Tàjùdíìnì níwájú ilé.

"Àna," ni Olúbọ̀dé wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "yà fún mi."

Malgarini ń pariwo nǹkan kan ní èdè abúlé rẹ̀. Haneef, láti ilẹ̀ tó wà, ní, "Omi o, Bàbá Jannah, omi."

Ẹsẹ̀ Tàjùdíìnì fẹ́ yà, ó kọ̀ fún un. Ó fẹ́ gbá, ó kọ̀ fún un. Ojú rẹ̀ wá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú àna rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, gbogbo ìkíni tó ti há sí i lọ́rùn látàárọ̀ sì já lu orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ìtẹ̀ tí Àmọ̀kẹ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na gbalaja, àyà kan ilẹ̀, imú kan koríko.

"Ẹ káàsán o, bùrọ̀dá mi," ó wí. "Ẹ má bínú, n ò tíì kí yín láti àárọ̀."

Olúbọ̀dé ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá a. Ẹsẹ̀ náà dúró lófuurufú. Ta ló ń dá àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ kọjá? Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù gba orí àna rẹ̀? Ó rọra sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù kó má bàa yí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kó tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ sẹ́yìn Tàjùdíìnì. Ojú rẹ̀ pa dé.

"Ọlọ́run á gbé ọ ga."

"Àmín," ni àwọn ìjọ tó wà lágbègbè náà dáhùn.

"Iwájú iwájú lo ó máa lọ."

"Àmín." Ó ti dé àárín pápá. Wọ́n ti dúró sójú kan, wọ́n ti tẹrí ba.

"O ò ní pàdánù láyé."

Aṣọ́lé wọn ní ìpẹ̀kun ọ̀hún kò gbọ́ àdúrà, Àmín ló gbọ́. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bàtà rẹ̀.

"Ohun tó jẹ́ tìrẹ, ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o."

"Àmín," ni Tàjùdíìnì wí sínú koríko, ohùn tirẹ̀ ló sì ga jù.

Haneef ti dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ojú kan tó ṣí. Ó rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ Olúbọ̀dé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ bá mi gbẹ́sẹ̀ díẹ̀." Olúbọ̀dé, tó ti wọ inú àdúrà fún àwọn ọmọ-ọmọ, gbẹ́sẹ̀ fún un tìwà-tìwà láìlajú. Haneef mú bọ́ọ̀lù. Ó gba àárín àwọn onígbàgbọ́ kọjá bí ẹni ń gba àárín ọgbà òdòdó, kò fara kan ẹnikẹ́ni, ó dé iwájú aṣọ́lé tó di bàtà mú lọ́wọ́ kan, ó kí i, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ariwo wá sọ. Àwọn ìjọ lajú, wọ́n yí Rosemary ká. Wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Rosemary gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé ẹnìkan fọwọ́ kan ẹnìkan?" ó bi wọ́n.

"Alàgbà fọwọ́ kan Tàjù," ni ẹnìkan wí.

"Ṣé ó dùn ún?"

Tàjùdíìnì tó ṣì wà nílẹ̀ ní rárá, ó dára gan-an ni.

"Ṣé mo fọn fèrè?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ fèrè. Rosemary ní gọ́ọ̀lù ni, ó fọn fèrè ìkẹyìn tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tún gùn.

Ó wá ku Olúbọ̀dé. Ó dúró síbẹ̀, ìka rẹ̀ ti na sí àna rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti là. Gbogbo ìjọ ń dúró de ohun tí yóò sọ. Tàjùdíìnì gbójú sókè láti ilẹ̀, koríko lẹ̀ mọ́ ọn nímú.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní n ò ní pàdánù. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ gba ohun tó jẹ́ tèmi, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o. N ò tíì dìde ló ti ṣẹ. Àbí ẹ fẹ́ gba àdúrà náà padà?"

Olúbọ̀dé pa ẹnu dé. Ó wo ilé gọ́ọ̀lù wọn, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tún wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ìgbéraga kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú rẹ̀ láti àgbọ̀n lọ sókè.

"Ẹ rí nǹkan," ó sọ fún àwọn ará ìjọ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí bó ṣe yá tó? N ò tíì dé orí Àmín ìkẹyìn." Ó fa Tàjùdíìnì dìde, ó gbọn koríko lára nọ́ńbà márùn-ún rẹ̀. "Ẹ̀rí ni màá fi ṣe lọ́jọ́ Àìkú."

Àmọ̀kẹ́ ti dé etí pápá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Ó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Gàrínì, ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"N ò tíì kí i láti àárọ̀," ni Tàjùdíìnì wí.

Malgarini kò sí lórí àga rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ti bá a, àga bò ó lẹ́sẹ̀, fìlà ti lọ, ẹ̀rín ti gba gbogbo ara rẹ̀ débi pé omijé ń ṣàn gba inú àpá náà. "Tówẹ̀lì," ni ohun tó ń rí sọ. "Ẹ̀jẹ̀. Orúnkún. Mo fi gbogbo wọn ṣòfò." Nígbà tó mí tán, ó nawọ́ sí Tàjùdíìnì. "Garini," ó pè é, bí ìyá Malgarini ì bá ṣe pè é ní abúlé orí òkè yẹn, "mú mi lọ bá bàbá aládùúrà náà. Èmi náà ò tíì kí i."

Wọ́n sọ fún un pé kí ó tẹrí ba lásán, ó kọ̀. Ó fi orúnkún ọ̀tún sọ̀kalẹ̀, ó dúró kí ti òsì ronú, ó wá tẹ́ gbọọrọ níwájú Olúbọ̀dé bí igi tí wọ́n gé, orí kodoro rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn Parsloes. Inú Olúbọ̀dé dùn. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó gbé ọwọ́ náà lé e. Àwọn ìjọ bọ́ bàtà. Àwọn mọ́sálásí jókòó yí wọn ká, wọ́n ń ṣe Àmín.

Ó ṣe díẹ̀. Ohùn Malgarini jáde láti inú koríko.

"Garini. Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?"

Tàjùdíìnì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú nọ́ńbà márùn-ún, ó ń bó ọsàn tí kò lè jẹ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ fara balẹ̀, sà," ó ní. "Wọn ò tíì dé orí àwọn ọmọ."